Párásúùtì Òwú Pupa

Àwọn ọmọ ọmọ mi kò gbà pé sójà ni mí rí. Wọ́n ti rí fọ́tò mi nínú yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ti rí bàtà tí mo tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ wọn ò gbà. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé n kò ja ogun kankan. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí à ń pè ní Lọ́yà, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó wá jókòó tì mí ní Sátidé kan tí mo ń ká aṣọ, ó ní:

"Màámá, èèyàn mélòó lẹ pa?"

"Kò sí."

"Ṣé ìbọn yín ò dáa ni?"

"Ìbọn mi dáa. Ogun ni kò sí."

"Ẹyọ kan péré náà ńkọ́, Màámá?" Ó ń bẹ̀ mí bí ẹni tó ń tọrọ ẹran.

Mo ní kó bá mi di etí kejì aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà mú, kó yé bi mí ní ìbéèrè ìkà. Ó dì í mú wúruwùru. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n n kò lè fara da kí èèyàn máa ká aṣọ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Mo sọ fún un pé aṣọ kíká yìí gan-an ni iṣẹ́ sójà tí mo ṣe, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ni mo bá ní kó jókòó kó gbọ́.

Mo wọṣẹ́ ológun nígbà tí ìlú tòrò minimini. Kò sí ọ̀tá níwájú, kò sí lẹ́yìn. Koríko nìkan là ń bá jà, òun náà ló sì ń borí wa lásìkò òjò. Àwọn ọkùnrin á jí, wọ́n á sáré yí pápá ká, wọ́n á kun òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní ọ̀dà funfun, wọ́n á nu ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò yìn. Ní tèmi, ilé ìfọṣọ ni wọ́n fi mí sí, lọ́ńdìrì là ń pè é. Yàrá gbígbóná kan ni, tí ooru omi ọṣẹ máa ń bo ojú fèrèsé rẹ̀ látàárọ̀. Gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì inú bárékè, ọwọ́ mi ni wọ́n ń gbà kọjá. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń lọ̀ ọ́, mo ń ká a. Kíká yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Etí á bá etí mu, igun á bá igun mu, tí mo bá sì tò wọ́n jọ tán, wọ́n á dúró gbọnin bí ògiri.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin àgbàlagbà kan wọlé wá gba aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí ojú. Òun ni Ọ̀gá Sítọ́ọ̀, ẹni tó ń ṣe àkóso ilé párásúùtì. Párásúùtì yìí ni agboòrùn aṣọ ńlá tí àwọn sójà kan máa ń dì mọ́ ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá bẹ́ láti inú bàálù, á ṣí lórí wọn, á sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá náà fa aṣọ kan yọ láàárín òkìtì tí mo tò. Òkìtì náà kò mira. Ó tún fa òmíràn yọ.

"Ta ló ká èyí?"

Mo rò pé mo ti wọ gàù. "Èmi ni, sà."

"Tẹ̀lé mi."

Bí mo ṣe kúrò ní lọ́ńdìrì nìyẹn.

Ilé párásúùtì tutù, ó sì dákẹ́. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dé ògiri kejì. Orí rẹ̀ la ti ń na aṣọ náà. A ó to okùn rẹ̀ kí ọ̀kan má baà gun orí èkejì, a ó ṣẹ́ aṣọ náà po léraléra, a ó gbé àwọn àpò iyanrìn kéékèèké lé e lórí kó má baà sún. Kí a tó dì í pa, gbogbo àpò iyanrìn yẹn gbọ́dọ̀ padà sáyè wọn. Tí ẹyọ kan bá sọnù pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tí a ti dì láti àárọ̀ la ó tú, ká lè mọ̀ bóyá inú ọ̀kan ló há sí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sín, ìta ló máa lọ sín sí.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ fi kọ́ mi. Tí mo bá parí ọ̀kan, á fi ìka kan ṣoṣo tú u, á ní, "Tún un ṣe." Mo máa ń bínú débi pé etí mi á gbóná, ṣùgbọ́n mo máa ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí kò sọ nǹkan kan ni mo mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́, ó ní kí n mú àwọ̀ òwú tí màá máa rán sára èyí tí mo bá dì, kí wọ́n lè mọ ọwọ́ tó ṣe é. Òwú dúdú ni tirẹ̀. Òwú aláwọ̀ ewé ni ti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi mú pupa.

Pupa yẹn ló kó bá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bẹ́, àwọn sójà á tò síwájú káńtà wa, kálukú á mú párásúùtì tirẹ̀. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń rí òwú pupa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì bà á, á yáa gbé e padà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Olórí wọn nínú ìwà yìí ni ọkùnrin gíga kan tí gbogbo bárékè ń pè ní Gàgàrà.

"Lọ́ńdìrì," ló ń pè mí, "má bínú o. Ẹ̀mí ò ṣeé pààrọ̀. Ọwọ́ tó fọ ṣòkòtò mi lánàá ò lè gbé mi délẹ̀ lónìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà kì í gba irú ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Tí mo bá sọ ohun tí mo rí lára ṣòkòtò yẹn, ìwọ fúnra ẹ ni wàá bẹ́ láìwọ párásúùtì."

Ẹ̀rín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín lásán ni, kò sí ẹni tó mú tèmi.

"Màámá," Lọ́yà já lu ọ̀rọ̀ mi, "ṣé Gàgàrà yìí ni bàbá àgbà?"

"Bàbá àgbà kẹ̀? Bàbá àgbà yín tí kò ga kọjá fíríìjì? Gàgàrà ní ìyàwó tirẹ̀ jàre, èmi ni mo ń fọ ìlédìí ọmọ wọn. Jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀."

Párásúùtì kì í pẹ́ lórí pẹpẹ. Tí àkókò rẹ̀ bá kọjá láìsí ẹni tó lò ó, a ó tú u, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó tún un dì. Èmi ń dì, èmi náà ń tú. Ó ń dùn mí bí ìgbà tí èèyàn bá se oúnjẹ sílẹ̀, tí ará ilé kọ̀ọ̀kan ń wọlé, tí wọ́n ń ní àwọn ti yó. Nígbà tó yá, Kọmáńdà ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin kúkúrú ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kéde nínú rédíò.

"Mi ò lè fi ẹni mẹ́ta sídìí iṣẹ́ tí ẹni méjì ń ṣe," ó ní. "Tí oṣù yìí bá parí, tí sójà kankan ò gba tìẹ, lọ́ńdìrì lò ń padà sí. Kì í ṣe ìjà."

Mo sunkún, n kò ní purọ́. Lọ́ńdìrì kò burú. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe, ojú ń tì mí láti padà lọ máa ká aṣọ pílò bí ẹni tí kò mọ nǹkan mìíràn. Èmi nìkan ni obìnrin tó dé ìdí tábìlì yẹn rí. Tí mo bá kúrò, mo mọ̀ pé yóò pẹ́ kí wọ́n tó tún mú òmíràn wá.

Àṣà kan wà nílé párásúùtì. Ìgbàkígbà tó bá wu Ọ̀gá Sítọ́ọ̀, ó lè na ìka sí èyíkéyìí lórí pẹpẹ, kó sọ fún ẹni tó dì í pé, "Wọ̀ ọ́." Ẹni náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kó sì fi í bẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà. Wọ́n ti ṣe é fún ọkùnrin tí òwú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò ṣe é fún mi rí, torí kò sí ẹni tó rò ó pé obìnrin lè bẹ́. Mo lọ bá Ọ̀gá Sítọ́ọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ìka sí tèmi."

Ó wò mí tìtì. "Ìwọ tó ò lè gun àga."

Òótọ́ ni. Ohun tó bá wà lókè pẹpẹ, ńṣe ni mo máa ń bẹ ẹlòmíràn pé kó bá mi gbé e. Tí mo bá dúró lórí àpótí lásán, ẹsẹ̀ mi kì í ranlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tótó, ó ṣe bí òwe o, sà."

"Wàá rí òmíràn pa," ó ní, "tó o bá délẹ̀."

Wọ́n fi mí lé sájẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ láti kọ́ mi. Orí ògiri ló ti ń ní kí n fò, kí n so ẹsẹ̀ pọ̀, kí n yí gbirigbiri bí mo bá ti balẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró sórí ògiri náà títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, sájẹ́ǹtì náà sọ ọ̀rọ̀ àbùkù kan sí mi, inú bí mi, mo fò lulẹ̀ láti wá bá a jà. Ó ní, "Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn." Láti ìgbà yẹn, tí mo bá fẹ́ fò, mo máa ń kọ́kọ́ wá ẹni tí màá bínú sí.

Ọjọ́ pé. Èmi àti Gàgàrà àti àwọn mìíràn jókòó nínú bàálù, orúnkún kọjú sí orúnkún. Wọ́n fi okùn kan so párásúùtì kálukú mọ́ irin lókè, okùn yẹn ló máa fà á ṣí téèyàn bá ti jáde. Òwú pupa wà lẹ́yìn mi. Gàgàrà ní, "Lọ́ńdìrì, tó o bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ ká sọ fún awakọ̀ kó páàkì ẹ̀gbẹ́ kan." Mo di ìjókòó mú gírígírí.

Wọ́n bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku èmi nìkan. Sájẹ́ǹtì kígbe pé, "Lọ!" Mo wá ẹni tí màá bínú sí, n kò rí. Ẹ̀rù ti gba gbogbo inú mi. Ni mo bá rántí òwú pupa tí wọ́n ń gbé padà sórí pẹpẹ láràárọ̀, inú bí mi gidi, mo bẹ́ síta.

Wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tó yẹ kí sójà ké nígbà tó bá bẹ́. "Ìyá mi o!" ni èmi ké. Afẹ́fẹ́ gbá mi létí, ọkàn mi fò lọ síbi tí n kò mọ̀, nǹkan kan fà mí lẹ́yìn gìrì, gbogbo ayé sì dákẹ́. Mo gbójú sókè. Aṣọ náà ti ṣí, ó yí po bìrìkìtì, okùn kọ̀ọ̀kan dúró sí àyè rẹ̀ bí mo ṣe tò ó. Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí bárékè wa, mo rí okùn tí wọ́n sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí lẹ́yìn lọ́ńdìrì. Mo rí i pé ẹni tó sá wọn kò nà wọ́n dáadáa.

Ìdí ni mo fi balẹ̀. Mo ti gbàgbé ẹsẹ̀ síso pọ̀, mo ti gbàgbé yíyí gbirigbiri. Bí mo ṣe sùn gbalaja síbẹ̀, mo gbọ́ ìró bàtà tó ń sáré bọ̀, mo sì gbọ́ ohùn Gàgàrà.

"Ó ti kú ni?"

Mo lajú. Bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, orí aṣọ párásúùtì mi ló wà.

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí aṣọ yẹn!"

Ó fò sẹ́yìn. Ọwọ́ mi ti kan koríko, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. "Ilẹ̀ tutù! Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ tutù? Ẹ gbé e sókè! Ṣé ẹ fẹ́ kó hu olú ni? Ìwọ, di etí yìí mú. Má fà á! Ta ló ní kó o fà á?" Mo bá kúnlẹ̀, mo ń fi orúnkún rìn láti okùn kan dé èkejì, mo ń yọ koríko lára wọn, mo ń bú gbogbo wọn.

"Lọ́ńdìrì, mu omi ná," Gàgàrà ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Omi wo? Di aṣọ mú!"

Ó di aṣọ mú. Gbogbo wọn dì í mú títí mo fi kó okùn náà jọ, tí a fi gbé e lọ sí yàrá gígùn tí a ti ń fi aṣọ kọ́ kó gbẹ. Níbẹ̀ ni Kọmáńdà ti bá mi. Ó kí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wá ní, "O ti fi hàn pé o gba ọwọ́ ara ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tò níwájú káńtà ńkọ́? Oṣù ò tíì parí o." Ayọ̀ mi wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tún fẹ́ bẹ́, mo dúró lẹ́yìn káńtà, n kò gbójú sókè. Ẹni àkọ́kọ́ mú òwú dúdú. Ẹni kejì mú àwọ̀ ewé. Gàgàrà ló tẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀ kọjá gbogbo èyí tó wà níwájú, ó fa òwú pupa jáde.

"Ẹ̀ ń wo kí ni?" ó bi wọ́n. "Ẹni tó já bọ́ láti òkè, tí ò bèèrè omi, tí ò bèèrè ara ẹ̀, tó jẹ́ aṣọ ló ń bèèrè, òun ni kó máa ká tèmi."

Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó jáde. Mo ti ń retí ọjọ́ yẹn láti ìgbà tí mo ti rán òwú pupa àkọ́kọ́. Ó yẹ kí n jó. Ṣùgbọ́n ńṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ọjọ́ tí mo dì í. Ṣé mo to okùn apá òsì dáadáa? Mo mọ̀ pé mo tò ó. Mo tún bi ara mi léèrè. Mo sọ fún Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ pé mo ń jáde, kò bi mí ibi tí mò ń lọ.

Ìyàwó Gàgàrà wà létí pápá, ó pọn ọmọ. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi.

"Wọ́n ní tìẹ ló gbé lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàálù ti ń bọ̀ lókè. Obìnrin náà yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí pápá. "Èmi kì í wò ó," ó ní. "Àyà mi ò gbà á. Bá mi wò ó." Ó wá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tí mo fi dì í.

Mo wò ó. Àwọn èèyàn ń já bọ́ lára bàálù bí èso, mo mọ Gàgàrà nípa gíga rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí lórí ilẹ̀ níbẹ̀ ju èyí tó bà mí lẹ́nu ọ̀nà bàálù lọ. Lókè, ara mi nìkan ni mo gbé dání. Ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà ń fa etí fìlà mi, n kò lè ṣẹ́jú. Mo rò pé ó ti ń pẹ́ jù. Ni aṣọ náà bá ṣí, ó yí po bìrìkìtì.

"Ó ti ṣí," mo ní.

"Mo ti mọ̀," ó ní. "O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ìka mi, o ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ ọwọ́ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sínú koríko, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì tún ń bà mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí mo padà dé ilé párásúùtì, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ sọ fún mi pé àwọn méjì ti wá bèèrè òwú pupa fún ọ̀la, kí n tètè bẹ̀rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí aṣọ, mo tún fà á padà. Bàbá náà rí i, ó tọ́ka sí àga, mo jókòó. Òun náà jókòó.

"Ọ̀gá," mo ní, "ta ló máa wọ èyí?"

"Mi ò mọ̀."

"Kò burú, sà. Ẹni yòówù kó jẹ́, ọmọ ẹnìkan ni."

Mo dìde, mo na aṣọ náà sórí tábìlì.